Sùìṣì Ìkọ̀kọ̀ inú Ọkọ̀ Búrẹ́dì Wa

Ìlárò,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Súnkànmí, Àkànní mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Mo kí ọ, mo kí Bùkọ́lá ìyàwó rẹ. Ṣé ara yín le nínú ilé tuntun yín l'Ókòta? Ṣé omi ń yọ dáadáa? Èmi wà ní àlàáfíà. Orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu ti ń gbóògùn díẹ̀díẹ̀, adìyẹ mi dúdú sì tún ti pamọ.

Lánàá tí o pè mí, o sọ pé wọ́n jí ọkọ̀ aládùúgbò yín gbé níwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àti pé ìwọ ti ra wáyà àti sùìṣì. O fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ ṣe sùìṣì ìkọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kó má baà ṣeé gbé bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ bá wọ inú rẹ̀. O ní o ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fídíò. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé irú èyí tí Dádì ṣe sínú ọkọ̀ búrẹ́dì nìyẹn?"

N kò dá ọ lóhùn. O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé wa, o ń pariwo "Hẹ́lò, hẹ́lò." Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu mi tí n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Bí mo bá sì pè ọ́ padà, wàá ní, "Mọ́mì, mò ń wakọ̀, ẹ jẹ́ n pè yín tí mo bá délé." Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti tábìlì lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kà á nígbà tí o bá jókòó. Kí Bùkọ́lá náà kà á, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

N kò mọ bí o ṣe rántí ọkọ̀ náà tó. Funfun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn ọmọ Mafoluku máa ń pè é ní ọkọ̀ òkú. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń kó ọjà láàárọ̀, màá wá máa pín in káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù, láti ọjà Ìsọlọ̀ títí dé Mafoluku, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ń ṣiṣẹ́ ẹlẹ́tíríṣàn ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan nígbà náà, àsìkò tí ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ ṣì máa ń dún tí a fi ń mọ aago láìwo aago. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná kò kúrò nínú ọkọ̀ yẹn rí. Bí a bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé tó bá jókòó tì wá á máa gbóòórùn aṣọ wa, wọ́n á máa gbé itọ́ mì. Títí dòní, bí mo bá kọjá níwájú ilé búrẹ́dì, ọwọ́ bàbá rẹ lórí sítíárì ni mo máa ń rí.

Ọjọ́ ìkórè ni wọ́n jí i. A jáde nínú ìsìn, ìwọ wà lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n rẹ Tóyìn gbé ọsàn tí wọ́n fún wa dání. Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí ṣófo. Àmì epo tó máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló kù lórí yanrìn. Bàbá rẹ dúró, ó ń wo àmì epo yẹn bí ẹni tó ń wo ojú òkú.

Àwọn ọlọ́pàá rí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ lẹ́bàá kànáàlì l'Ókòta, ní àdúgbò tí ìwọ ń gbé yìí. Wọ́n ti yọ bátìrì, wọ́n ti yọ rédíò, gbogbo táyà ti lọ, ó jókòó sórí bíríkì. Títí a fi tún un ṣe, ọkọ̀ èrò ni mo fi ń kó búrẹ́dì, ìdajì rẹ̀ á sì ti rún kí n tó dé Mafoluku. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tún rìn ni bàbá rẹ sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá tún wọ inú ọkọ̀ yìí láìbéèrè, yóò jókòó níbẹ̀ títí a ó fi dé bá a."

Ó ṣe é lọ́sàn-án Sátidé kan, nínú àgbàlá ilé onírúúmù púpọ̀ tí a ń gbé. Ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí i. "Àbẹ̀kẹ́, sukudiráfà." Màá nà án sí i. "Àbẹ̀kẹ́, téèpù." Ó ń kọ orin ìyìn láàárín, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń bi í pé kí ló ń ṣe ọkọ̀, ó ní iná ló fẹ́ tún ṣe. Ká ní mo mọ̀ pé ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ nínú ayé ènìyàn, ǹ bá ti jókòó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wá nìyí, àṣìṣe àwa méjèèjì ni mo sì fi rà á. Ìkánjú ni. Bàbá rẹ mọ iná, ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ ńláńlá ló mọ̀, kò tíì ṣe ti ọkọ̀ rí. Wáyà tí ó rí nílé, èyí tí ó tú lára rédíò àtijọ́ kan, ló lò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Mo bi í pé, "Ṣé eléyìí á gbà á?" Ó ní, "Fún ìgbà díẹ̀ ni." Èmi náà fẹ́ kó tètè parí kí n lè lọ gba owó ọjà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mo dákẹ́. Lára wáyà tó ń gbé iná lọ sí ẹ́ńjìnnì gan-an ló sì fi sùìṣì náà sí, èyí tó túmọ̀ sí pé bí nǹkan kékeré bá ti ṣe sùìṣì, ẹ́ńjìnnì á kú, kódà bí ọkọ̀ bá ń sáré.

Nǹkan sì ṣe é. Mò ń ti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì ní títì márosẹ̀, búrẹ́dì kún ẹ̀yìn mi. Mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, èéfín díẹ̀ yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ sì kú lójijì láàárín títì. Mo wo dígí, mo rí tírélà lẹ́yìn mi. Ó tẹ fèrè, ó tẹ bíréèkì, gbogbo ara tírélà yẹn ń ké. Ó dúró nígbà tí mo ti ń ka orúkọ ẹ̀yin ọmọ mi lẹ́nu. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, mo rò pé yóò bú mi. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra jókòó ná," òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sì ti ọkọ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, Àkànní, gbọ́ mi. Tú orí bátìrì kí o tó gé ohunkóhun. Wáyà tó nípọn tó èyí tí o gé ni kí o fi kún un, má lo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Fi fíúùsì sí i. Ibi tí wáyà bá ti so pọ̀, fi lẹ́ẹ̀dì jó o kó le dáadáa, kí o tó wé téèpù lé e. Má kàn lọ́ ọ pọ̀ bí irun. Lékè gbogbo rẹ̀, lára wáyà kékeré tó ń pàṣẹ fún kíkì ni kí o fi sùìṣì sí, èyí tí ọkọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, má ṣe fi í sí èyí tí ọkọ̀ fi ń rìn. Bí ti kíkì bá bàjẹ́, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ níwájú ilé rẹ, ìbínú lásán ni. Bí ti èkejì bá bàjẹ́, àárín títì ni yóò ti bá ọ.

Ọkọ̀ tìrẹ kì í sì í ṣe irú tiwa. Wáyà tiwa kò ju ohun tí ènìyàn lè fojú tọ̀ lọ, tìrẹ ní kọ̀ǹpútà nínú. Mo yà lọ́dọ̀ riwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ yìí, mo bi í. Ó ní kí n sọ fún ọ pé wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wọ inú sítíárì, ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba awakọ̀ là nígbà ìjàǹbá ni. Kí o má fọwọ́ kàn án. Ó ní èyí tí o kò bá mọ ibi tó ń lọ, kí o fi í sílẹ̀ kí o bi ẹni tó mọ̀. Bíbéèrè kò dí ọ lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é.

Ìkejì ni mo ń bọ̀ sí yìí. Òun gan-an ló dí mi lẹ́nu lánàá.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tírélà yẹn, bàbá rẹ kò lè jẹun dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mi ò lọ gba búrẹ́dì, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó tú gbogbo rẹ̀, ó fi wáyà tuntun ṣe é, ó sì gbé sùìṣì kúrò níbi tí mo mọ̀. Ó ń sáré kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ má fi í sílẹ̀. Ó yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mo ti gbé e síbi tó dára. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá fi hàn ọ́." Mo ní ó dàbọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni gìrì mú ọ. Ara rẹ ti ń gbóná láti àárọ̀, mo ti fún ọ lóògùn, o sùn. Ìgbà tí mo padà wọ yàrá, ojú rẹ ti yí sókè, eyín rẹ ti há, o le gbagidi. Mo gbé ọ, mo sá jáde, mo tẹ́ ọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn lórí ẹsẹ̀ Tóyìn, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò dún. Mo tún yí i. Kò dún. Ìgbà náà ni mo rántí.

Súnkànmí, mo wá sùìṣì yẹn bí ẹni tó ń wá òrùka nínú omi. Mo fọwọ́ wá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo wá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo wá ibi eérú sìgá, èékánná mi ya. Tóyìn ń sọ lẹ́yìn pé, "Mọ́mì, kò mí dáadáa o. Mọ́mì, ẹ ṣe nǹkan." Ẹ̀rọ fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ irú wa nígbà náà, n kò lè pe bàbá rẹ. Ọkọ̀ mi ni, kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ mi, epo wà nínú rẹ̀, ọmọ mi sì ń kú lọ lẹ́yìn mi.

Bọ̀dá Ráfíù ló gbà wá, ará ojúlé kejì wa tó ń bá wọn kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀kadà rẹ̀ ṣì gbóná. Kò béèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ gun ẹ̀yìn mi, ẹ di ọmọ mú," ó sì gbé wa gba inú àwọn kọ̀rọ̀ Mafoluku dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí o ké, ẹkún ńlá tí gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bá ọ ké e.

Bàbá rẹ bá wa níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tóyìn ti ròyìn fún un nílé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ mi tí èékánná ya. Ó kàn sọ pé, "Màá yọ ọ́. Lọ́la ni màá yọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi hàn mí."

Nígbà tí a mú ọ délé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n jókòó sí ìjókòó awakọ̀. Ó kúnlẹ̀ síta, lórí ilẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó fà á wọ abẹ́ ìjókòó, ó gbé e gba ẹ̀yìn irin kan, ó sì fi ìka mi kan sùìṣì náà. Kò yọ ọwọ́ tirẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n pa á, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n di ojú kí n wá a fúnra mi. A wà níbẹ̀ títí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé à ń ṣeré ìfẹ́. Bóyá à ń ṣe é lóòótọ́.

Àṣírí tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀, bí ẹni náà kò bá sí nílé, àjàgà ni fún àwọn tó kù. Bùkọ́lá gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Má sọ fún un lẹ́nu lásán, mú ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀. Bí o bá sì gbé e kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti pẹ́, kó o tó jáde nílé ni kí o fi hàn án. Ilé iṣẹ́ tuntun tí o wà yìí á dúró dè ọ́. Ìrọ̀lẹ́ lè pẹ́ jù.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wáyà tí mo gbàgbé láti sọ: má gbé e síbi tí orúnkún lè kàn án, tàbí ibi tí okùn rẹ̀ lè há mọ́ ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí o bá gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì tàbí àwọn tó ń fọ ọkọ̀, tàn án sílẹ̀ kí o tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má baà máa wá ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Má sì fi yangàn níbi iṣẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Akàn kì í pe àpéjọ kó tó ṣọ́ ọ.

Ó ku ẹyọ kan. N kò sọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ rí. Bàbá yín nìkan ló mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé búrẹ́dì wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sìkírà, lẹ́yìn ọjà Ìsọlọ̀. Ẹ rántí rẹ̀, òun ló máa ń fún yín ní bisikíìtì. Mo pa ọkọ̀, mo pa sùìṣì. Mo ṣì ń to búrẹ́dì nígbà tí mo gbọ́ ariwo, "Olè! Olè!" Mo jáde pẹ̀lú tíréè òfìfo lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan ló wà nínú ọkọ̀ mi, àgbàlagbà bíi ti bàbá yín, ó wọ ẹ̀wù tí a lọ̀ dáadáa. Ó fi kọ́kọ́rọ́ irọ́ ṣí i, ó yí i títí, ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Ẹnìkan tó mọ ọkọ̀ mi ló rí i. Kí n tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fà á jáde, wọ́n ti ya ẹ̀wù náà, ẹ̀jẹ̀ ti wà ní imú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé kí wọ́n lọ mú táyà wá. Ẹlòmíràn ń béèrè epo.

Àkànní, ohun tí a fẹ́ ni kí olè jókòó títí a ó fi dé bá a. Ó ti jókòó. Ṣùgbọ́n pàkúté kì í mọ ohun tí àwọn ènìyàn á fi ẹran ṣe. Ọkùnrin yẹn wò mí. Kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni mo ni ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo rán an."

Ẹni tó di í lọ́rùn mú ní, "Mà, olè ni o. Ojú wa báyìí ló ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́."

"Mẹkáníìkì mi ni. Mo ní kó bá mi wo ìdí tí ọkọ̀ kì í fi í tètè dáhùn. Ṣé ẹ ò rí i pé ó kọ̀ ni?"

Wọn kò gbà mí gbọ́. Ìyá Sìkírà jáde, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó mọ̀ pé bàbá yín ló ń tún ọkọ̀ wa ṣe. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín wọn, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ sọ ni? Ó ní òun ló rán an. Ẹ bá tiyín lọ." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; bí orí àgbàlagbà bá sì fẹ́ wọ́, àgbà náà ló ni ín.

Mo ní kí ọkùnrin náà wọlé, mo ti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Mo fi ọwọ́ wá abẹ́ ìjókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wà á lọ títí a fi jìnnà sí ọjà, ó ń fi apá ẹ̀wù nu imú. Nígbà tí mo dúró kí ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó tún jókòó díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó mọ ẹni tó ni ín ni."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ọmọ ń sùn lẹ́yìn. N kò rí i mọ́ láyé mi.

Mo sọ fún bàbá yín nígbà tó ń jẹun. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "O gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ? Tó bá ní ọ̀bẹ ńkọ́?" Inú bí i, mo sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe sùìṣì yẹn. Ká ní wọ́n sun ún, ọwọ́ mi ì bá wà níbẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ náà ló ra irin pupa gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń há sítíárì. Mo bi í pé kí la tún fẹ́ fi ṣe, nígbà tí sùìṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Èyí ni kí wọ́n máa rí láti ìta, kí wọ́n bá ibòmíràn lọ. Èyí tó pamọ́, ti ẹni tí kò gbọ́ ni."

Ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ra irin náà kí o tó parí sùìṣì. N kò ní kí o gbé olè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ bí mo ti ṣe o. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí o bá bá ẹnìkan nínú ọkọ̀ rẹ, má kígbe ohun tí yóò kó àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n á pa jọ. Pe ọlọ́pàá. Bí o bá sì wà lórí sítíárì tí ẹnìkan na ìbọn sí ọ, ọ̀rọ̀ sùìṣì ti tán nìyẹn. Fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, sọ̀kalẹ̀, gbé ọwọ́ sókè, jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní ti kíkì ni kí o lò, kó má baà kú sí wọn lọ́wọ́ níwájú rẹ kí wọ́n padà wá bá ọ. Ọkọ̀ ṣeé rà. Ìwọ kò ṣeé rà. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí o le gbagidi lórí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ti lọ, o mọ̀ ọ́n. Ó rìn títí ilé iṣẹ́ aṣọ fi tì, ó rìn títí ilé búrẹ́dì náà fi tì, kí àwọn tó ń ra irin tó wá wọ́ ọ lọ. Bàbá rẹ kò jáde wò ó. Ó ní òun ń wá nǹkan nínú yàrá, mo sì jẹ́ kó máa wá a.

Kí Ọlọ́run tó fi èémí rẹ padà fún mi máa ṣọ́ ọ ní títì àti nílé. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má jó ọ lọ́wọ́. Kí ìwọ àti Bùkọ́lá dàgbà papọ̀ ju bí a ṣe dàgbà lọ.

Nígbà tí o bá parí rẹ̀ tí o sì ti dán an wò dáadáa, wá gbé mi ní Ìlárò. Mo fẹ́ kí o gbé mi gba Ìsọlọ̀ lọ sí Mafoluku, kí n rí ojú pópó wa, kí n wò ó bóyá àwọn ọmọ Bọ̀dá Ráfíù ṣì wà níbẹ̀. N kò ní béèrè ibi tí o fi sùìṣì sí. Tìrẹ àti ti ìyàwó rẹ nìyẹn. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, sọ fún mi, màá yí ojú síta.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́ bàbá rẹ.